Bí mo ṣe yan orí ìsopọ̀ fún àpò afẹ́fẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ wa

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Houston, mo sì rí i pé ọkọ̀ wa tún ti kúnlẹ̀. Mi ò sọ àsọdùn. Ìdí rẹ̀ lápá òsì ti rọ̀ wálẹ̀ títí ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táyà ẹ̀yìn méjèèjì, bí ọmọbìnrin tó fi eékún kan kí àgbà lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá Simi, ó tún ti ń kí yín o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

GMC Motorhome ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1976, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26. Ilé lórí táyà ni: bẹ́ẹ̀dì ń bẹ níbẹ̀, ilé ìdáná ń bẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ń bẹ. General Motors ló ń ṣe é ní Pontiac, ìpínlẹ̀ Michigan, láti 1973 sí 1978, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táyà iwájú ló sì ń fa ọkọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀pá irin kankan tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilẹ̀ inú rẹ̀ sún mọ́ títì tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi gùn ún láìbéèrè àpótí nígbà tó wá kí wa.

Níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń ní sípíríǹgì lẹ́yìn, àpò rọ́bà ni tiwa ní. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní táyà méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Apá irin kan gbé ti iwájú, òmíràn gbé ti ẹ̀yìn, àpò kan ṣoṣo wá dùbúlẹ̀ sáàárín wọn. Bí táyà bá gun òkè, apá rẹ̀ á fún àpò. Kọ̀mpurẹ́sọ̀ kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, páìpù náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ náà débẹ̀. 1/4 ínṣì ni páìpù ọ̀hún nípọn, kò tó ìka ìkẹyìn ọmọ ọwọ́. Tèmi máa ń gba nǹkan bí 100 psi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí táyà mọ́tò kékeré ń gbà.

Fọkanáísà ni bàbá mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nídìí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì mọ̀ pé téèyàn bá ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ọṣẹ ni yóò bi í. Mo kọ́kọ́ gbé irin ìdúró sábẹ́ férémù lọ́tùn-ún lósì kí n tó tẹ orí wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ara yín sábẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tàbí jáàkì nìkan gbé dúró. Afẹ́fẹ́ kì í kígbe kó tó lọ.

Mo po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára àpò. Kò hó. Mo pa á sára páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò hó. Ìgbà tí mo dé orí ìsopọ̀ mẹ́rin, àwọn ohun kékeré tó ń so páìpù mọ́ra, tó wà láàárín àpò àti fáàfù tó ń ṣí tàbí dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà: ọ̀kan ń tú jáde bí ìfófòó bíà, méjì ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dákẹ́, idẹ àtijọ́ tó jọ pé ó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́. Àwọn tó ti ni ọkọ̀ yìí ṣáájú wa ti tún un ṣe níkọ̀ọ̀kan ìgbà tó bà jẹ́, oníkálukú sì lo ohun tó bá lọ́wọ́. Orí mẹ́rin, oríṣi mẹ́ta.

Bí mo ṣe mọ̀ pé páìpù kò lẹ́bi tó nìyẹn, síbẹ̀ páìpù ni mo lọ rà. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ tó wà nítòsí wa ń ta páìpù 1/4 ínṣì funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé omi dé ibi tí fíríìjì ti ń ṣe yìnyín. Nínípọn rẹ̀ bá ti tèmi dọ́gba, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti ń wa tírélà ní Texas láti ọjọ́ pípẹ́. Kò dúró kọ èsì, ó pè mí.

"Àbúrò, kí nìyẹn?"

"Páìpù ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi pààrọ̀ ti àpò ọkọ̀."

"Omi tútù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Afẹ́fẹ́ ni mo fi ń tẹ búréèkì tírélà mi, ṣé páìpù fíríìjì ni kí n fi gbé e? Dá a padà. Wo ara páìpù kó o tó rà á, kó o rí SAE J844 lára rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, fi sílẹ̀."

J844 yìí ni ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù náílọ́ọ̀nù fún búréèkì afẹ́fẹ́. Ó ń fara da ooru títí dé digíríì 93 ti Celsius, nígbà tí páìpù fíríìjì á ti máa rọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí títì Houston ṣe ń gbóná ní ọ̀sán oṣù Kẹjọ, tó sì mọ bí sáléńsà ṣe ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, kò ní bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Mo dá a padà.

Àṣìṣe mi kejì ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí ọmọ Nàìjíríà nìkan ló lè ṣe é. Nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo ní orí ìsopọ̀ idẹ mélòó kan tí mo kó bọ̀ láti ilé nígbà tí bàbá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ara kọ̀mpurẹ́sọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n nípọn, wọ́n dán, 1/4 sì ni wọ́n. Ihò ẹnu àpò tèmi náà, 1/4 ni. Mo ní, wò ó, idẹ bàbá mi yóò gbé ọkọ̀ mi. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo yí i wọlé. Ìyí méjì àkọ́kọ́ rọrùn, ẹ̀kẹta le, mo ní ó ti mú nìyẹn. Mo fún un ní sípánà. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo pa ọṣẹ sí i, ó hó yíká bí ẹni tó wẹ̀ tí kò ṣan ara. Mo tú u, mo tún fi téèpù funfun wé e, mo dá a padà. Ó tún hó. Ìgbà yẹn ni mo tó mú rúlà, tí mo sì ka eyín tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo rí nìyí. Ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BSP ni ti bàbá mi, òun náà ló kún ọwọ́ àwọn púlọ́ńbà wa nílé. NPT ni Amẹ́ríkà ń lò. Nínú 1/4, BSP ní eyín 19 nínú ínṣì kan, NPT ní 18. Ẹnu BSP fẹ̀ tó mílímítà 13.2, ti NPT tó 13.7. Igun eyín wọn náà ò dọ́gba, ọ̀kan jẹ́ digíríì 55, ìkejì 60. Ó tó kí wọ́n wọ ara wọn, kò tó kí wọ́n gbé pọ̀. Ohun tó tún wá ń da ojú rú ni pé nínú 1/2 àti 3/4, eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní, ìdí nìyẹn tí púlọ́ńbà kan fi lè búra pé òun ti dà wọ́n pọ̀ rí tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ sì wo orúkọ náà: 1/4 ínṣì jẹ́ mílímítà 6.35, kò sì sí ibì kankan lára tírẹ́ẹ̀dì ọ̀hún tí ẹ máa wọ̀n tí yóò jẹ́ 6.35. Ihò inú páìpù irin ayé àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Mo nu idẹ bàbá mi, mo dá a padà sínú àpótí. Ọlọ́run ló yọ mí tí ẹnu àpò ò bà jẹ́.

Wàyí o, ewo ni kí n rà? Oríṣi méjì ni ẹ̀gbọ́n ní kí n wò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń fi nọ́ọ̀tì fún: nọ́ọ̀tì á tẹ òrùka idẹ mọ́ ara páìpù. Irú rẹ̀ tó ti wà lára ọkọ̀ mi, tó ń tú ìfófòó, ti páìpù kọ́pà ni. Kọ́pà máa ń dúró kí òrùka di òun mú. Náílọ́ọ̀nù kì í dúró. Bí ẹ bá ṣe ń fún un ni á ṣe máa rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ òrùka á di aṣọ àlòkù lára rẹ̀. Nítorí náà ni èyí tí wọ́n ṣe fún búréèkì afẹ́fẹ́ fi ní páìpù idẹ kékeré kan tí a ń ti bọ inú náílọ́ọ̀nù kí a tó fún nọ́ọ̀tì. Èmi ń pè é ní egungun. Òun ni kì í jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù rí ibi sún sí.

Ìkejì ni èyí tí a kàn ń ti páìpù bọ̀. Eyín inú rẹ̀ á di páìpù mú, rọ́bà róbótó kan á dínà mọ́ afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó parí. Ṣùgbọ́n méjì ló wà lọ́jà tí wọ́n jọra: oníke tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́, àti onídẹ tí wọ́n tẹ DOT (orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìrìnnà) sí lára, tó ní egungun tirẹ̀ nínú. Méjì tó ń wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ lábẹ́ ọkọ̀ mi, oníke ni wọ́n.

Mo pín in. Lẹ́nu àpò àti níbi tó sún mọ́ sáléńsà, mo lo onínọ́ọ̀tì pẹ̀lú egungun, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà róbótó níbi tó bá ń gbóná. Nídìí fáàfù, níbi tí mo mọ̀ pé màá tún padà wá, mo lo onídẹ alátìbọ̀ ti DOT. Àwọn kan á ní alátìbọ̀ ló yẹ kó wà níbi gbogbo. Ọkọ̀ wọn ni.

Mo tún fi orí ẹlẹ́ka mẹ́ta kan sí i, mo fi fáàfù bíi ti táyà sí ẹ̀ka kẹta, kí n lè fi pọ́ǹpù lásán gbé ọkọ̀ dìde bí kọ̀mpurẹ́sọ̀ bá kú sọ́nà. Ó dùn mí láti fi kún iye ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sá, ṣùgbọ́n ọmọ fọkanáísà kò lè rìnrìn àjò láìní ibi tí yóò ti fẹ́ afẹ́fẹ́.

Gígé páìpù ló gba àkókò jù. Mo ti fi síkásọ̀ gé èyí tí mo fi dánra wò, ẹnu rẹ̀ wá dà bí ìrèké tí ọmọdé fi ẹnu já. Abẹ tó mú ni, kí ẹ gé e kó tẹ́ bí ẹnu ife, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ju ìkejì lọ, rọ́bà ò ní rí ibi dìmọ́. Kí n tó ti páìpù bọ alátìbọ̀, mo fi báírò sàmì síbi tó yẹ kó wọlé dé. Ọ̀kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, mo rò pé ó ti wọ̀ tán. Àmì yẹn ló sọ fún mi pé ó ku díẹ̀.

Ní ti tírẹ́ẹ̀dì NPT, ẹnu rẹ̀ tínrín, ìdí rẹ̀ nípọn, bó ṣe ń wọlé ló ń há. Mo fi téèpù funfun wé e láti eyín kejì, kì í ṣe àkọ́kọ́, kí téèpù má bàa já wọ inú fáàfù. Mo fọwọ́ yí i títí ó fi kọ̀, mo wá fi sípánà ṣe ìyí méjì lé díẹ̀. Ẹ má wé téèpù mọ́ ara nọ́ọ̀tì tó ń fún òrùka. Ibẹ̀ kọ́ ló ń dínà mọ́ afẹ́fẹ́. Iye ìyí tí ẹ máa fi fún nọ́ọ̀tì yẹn, ìwé tó bá a wá ló máa sọ.

Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo pa ọṣẹ, kò sí ẹyọ kan tó hó. Mo fi omi tó mọ́ ṣan ọṣẹ náà kúrò lára idẹ.

Géèjì ló fẹ́ tàn mí jẹ ní ìparí. Mo rò pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde, géèjì á wálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹrù ọkọ̀ ló ń tẹ àpò. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá jáde, ọkọ̀ á rọ̀ sílẹ̀, àpò á kéré sí i, géèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó wà. Nítorí náà mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri gáréèjì, ní ọ̀tún àti òsì, níbi tí ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ dé. Ní òwúrọ̀ tó tutù ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá tutù máa ń súnkì. Nígbà tí oòrùn bá là, ó máa ń padà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, òsì ò tíì kúrò lójú àmì. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wo òsì, ó rìn yíká lọ sí ọ̀tún, níbi tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà ṣọ́ọ̀kì náà.

"Bàbá Simi," ó ní, "ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ o. Ọ̀tún ló fi ń kí yín báyìí."