Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì bàálù ayé ìjọ́hun, ẹ yé ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ pé agbára ẹ́ńjìnì ló jẹ́ káwọn Wright fò, ìyẹn Orville àti Wilbur, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Amẹ́ríkà. Họ́ọ̀sìpáwà 12 péré ni ẹ́ńjìnì wọn ní 1903, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ó lè fẹ́ẹ̀ tó 16, àmọ́ kò ní pẹ́ gbóná, agbára ẹ̀ ti já wá sí 12 nìyẹn. Samuel Langley tí òun náà ń lé nǹkan kan náà nígbà yẹn, ẹ́ńjìnì tiẹ̀ lé ní 50 họ́ọ̀sìpáwà, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti kó 50,000 dọ́là fún un, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni bàálù ẹ̀ já sódò Potomac, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì jẹ́ 8 December 1903, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú káwọn Wright tó fò. Hiram Maxim ńkọ́? Ní England ní 1894, bàálù tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnì méjì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, 360 họ́ọ̀sìpáwà lápapọ̀, ó gbéra díẹ̀ lórí réèlù, ó já irin tí wọ́n fi ká a mọ́lẹ̀, ó fọ́. Agbára wà o, ta ló fẹ́ darí ẹ̀?

Ohun táwọn Wright fi jù wọ́n lọ ni pé wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe máa darí bàálù kí wọ́n tó wá ẹ́ńjìnì sí i. Wọ́n ti fi èyí tí ò lẹ́ńjìnì ṣèdánrawò títí, ní 1901 wọ́n kan àpótí kan tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ẹ̀ láti fi wo irú apá tó lè gbé bàálù, púrópẹ́là méjèèjì, abẹ́ tó ń yí láti gbé bàálù síwájú, àwọn náà ló ṣírò ẹ̀ tí wọ́n sì fi igi gbẹ́ ẹ. Pẹ̀lú irú púrópẹ́là bẹ́ẹ̀, 12 yẹn tó wọn.

Ẹ má sì sọ pé Orville àti Wilbur ló fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ́ńjìnì náà kẹ́ ẹ wá gbàgbé Charlie Taylor, èyí máa ń bí mi nínú gan-an. Mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é. Kíránkì ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnì, orí irin pẹlẹbẹ kan ló ti yà á, ó wá ń fi dírìlì lu ihò lọ létí ilà tó yà títí tó fi lè fi hámà àti síséẹ̀lì gbá irin tí ò nílò dànù, lẹ́yìn náà ló gbé e sórí lééètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e. Ẹ́ńjìnì ọ̀hún ò ní irú kabúrétọ̀ tá a mọ̀, kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní pọ́ńpù tó ń fa pẹtiróòlù, òkè ni pẹtiróòlù ti ń kán wá sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Aluminiọ́ọ̀mù ni wọ́n fi rọ ara ẹ̀ kó má baà wúwo jù, síbẹ̀ ó tó nǹkan bíi kílò 80.

Àwọn ará Brazil á ní Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ wọn, ló kọ́kọ́ fò, ní Paris ní 1906, pé àwọn Wright ní ẹ̀rọ tó ń ju bàálù wọn sókè. Ẹ má kàn gba ìyẹn bẹ́ẹ̀. Òpó gíga àti irin wúwo tí wọ́n ń já lulẹ̀ láti fi fa bàálù síwájú, September 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ní pápá Huffman Prairie ní Ohio. Ní 17 December 1903, orí réèlù igi ni bàálù ti sáré, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ló tì í, tí atẹ́gùn líle sì ń fẹ́ pàdé ẹ̀ níwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jiyàn, atẹ́gùn yẹn ni kẹ́ ẹ bá jà, òun náà ló gbá bàálù ọ̀hún fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fò lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan èyí tó pọ̀ jù. Èèyàn á rí sílíńdà, ibi tí pẹtiróòlù ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì, tó tò yíká bí ìràwọ̀, á ní rotary ni. Rárá o, ó lè jẹ́ radial. Nínú rotary, irú Gnome táwọn ará ilé Seguin gbé jáde ní Faransé ní 1908 sí 1909, kíránkì ni wọ́n dè mọ́ ara bàálù, kò ní yí, gbogbo sílíńdà méjèèje ló ń yí pẹ̀lú púrópẹ́là. Ẹ wo fáànù òkè ilé yín, mọ́tọ̀ ẹ̀ ń yí pẹ̀lú abẹ́ ẹ̀, ọ̀pá tó so mọ́ òrùlé nìkan ló dúró. Ìdí ni pé bó ṣe ń yí, atẹ́gùn ń tù ú, kò nílò rédíétọ̀ àti omi tó wúwo. Họ́ọ̀sìpáwà 50 ní nǹkan bíi kílò 75, ẹ fi wé ti Charlie Taylor lókè yẹn, kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ó níye tó ń gbà. Inú ibì kan náà tí ọ́ìlì wà ni pẹtiróòlù ń gbà kọjá, torí náà kásítọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n ń lò, torí pẹtiróòlù kì í tètè tú u, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ tán ìta ló ń fọ́n sí, ojú awakọ̀ àti gbogbo aṣọ ẹ̀ á kún fún un, tó sì tún ń fà á símú. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí kásítọ̀ ọ́ìlì ń ṣe níkùn, ẹ jẹ́ n fi mọ síbẹ̀. Irin tó ń yí yẹn tún máa ń fa bàálù síbi tó wù ú, Sopwith Camel, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ń yára yí sọ́tùn-ún ju òsì lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí bàálù wá ń sáré sí i, radial ló gbapò ẹ̀: sílíńdà dúró, kíránkì ló ń yí. Irú ẹ̀ ni Wright Whirlwind tó gbé awakọ̀ òfuurufú Charles Lindbergh láti New York dé Paris ní May 1927, wákàtí tó lé ní 33. Tẹ́ ẹ bá ń wo fídíò, tí púrópẹ́là ń yí tí sílíńdà sì dúró tẹ́ ẹ lè kà wọ́n, ẹ má pè é ní rotary.

Ti ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì, ẹ má kọ ọ́ pé Frank Whittle ará England ló kọ́kọ́ fi fò. Òun ló ti kọ̀wé béèrè fún pátẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun téèyàn hùmọ̀, ní 1930, ẹ́ńjìnì ẹ̀ sì ṣiṣẹ́ nílẹ̀ ní 1937, àmọ́ ti Hans von Ohain ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé bàálù sókè, Heinkel He 178, 27 August 1939. Ti Whittle ò fò àfi ní May 1941.