Ẹ ń fi iṣẹ́ àtijọ́ ṣe tuntun nínú Word, ó wá ń dà yín láàmú

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan kan náà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gan-an ṣì ń pè mí lóru. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, lẹ́tà, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ la máa ń ṣí ká yí orúkọ padà. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi.

Ìbéèrè: Mo ti save tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ṣó lè padà?

Tẹ́ ò bá tíì pa Word, ẹ tẹ Ctrl+Z léraléra, ó máa ń dá ohun tẹ́ ẹ ṣe padà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ó sábà máa ń lọ nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà, ẹ wo Version History, ibi tí ẹ̀dà àtijọ́ máa ń wà. Lọ́jọ́ míì, ẹ tẹ F12 (Save As) kẹ́ ẹ fún un ní orúkọ tuntun kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tẹ́ ẹ ń lò lemọ́lemọ́, ẹ save ẹ̀ bíi Word Template, tẹ́ ẹ bá ti klíìkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tuntun ló máa ṣí, ti àtijọ́ ò ní mọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Déètì inú lẹ́tà ń yí fúnra ẹ̀.

Kì í ṣe àjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló mú "Update automatically". Ẹ klíìkì déètì yẹn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F9 kó lè di ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní yí mọ́, kẹ́ ẹ wá tẹ tiyín.

Ìbéèrè: Replace ò rí orúkọ olóògbé àtijọ́, mo sì ń fojú rí i.

Ẹ wo abẹ́ lẹ́tà o tó wà nínú orúkọ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń fi Ctrl+U fàlà sábẹ́ o kó lè jọ ọ, o lásán ni Word sì mọ̀ ọ́n sí, tẹ́ ẹ bá wá fi ọ gidi wá a, kò lè rí i láé. Ẹ copy orúkọ náà látinú ìwé yẹn gan-an, kẹ́ ẹ paste ẹ̀ sínú àpótí Find what tó wà nínú Replace.

Ìbéèrè: Orúkọ òkú ṣì ń jáde lókè PDF, mo wá a títí.

Hmm. Èyí fojú mi rí màbo. Ètò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe, mo lo ti ìsìnkú ìyá kan torí òdòdó etí ìwé ẹ̀ wù mí. Ìyá ìyàwó ní kí ọmọ òun ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá rí "Ìdágbére fún Màmá Wa" lókè pátápátá, níbi orúkọ tab. Wọ́n pè mí: "Bọ̀dá, ta ló kú nílé wa?" Mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Mo wo header, mo wo footer, mo wo gbogbo text box, mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì yẹn rẹ́ mo tún un tẹ̀ látòkè délẹ̀, NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo bu epo sí jẹnẹrétọ̀, mo ṣe PDF tuntun, Màmá Wa tún jáde wá kí mi. Ó tó nǹkan bí aago méjì òru kí n tó já sí File, Info, tí mo rí Title lápá ọ̀tún lábẹ́ Properties. Ibẹ̀ ni Màmá jókòó sí! Kò sí nínú ọ̀rọ̀ tá à ń tẹ̀ rárá, ara fáìlì ló lẹ̀ mọ́, Save As ń gbé e kiri, PDF náà ń gbà á bẹ́ẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo ṣe PDF míì, ó tán, ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wo Author náà o, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní 2014 lè ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Fáìlì ò ṣí mọ́ rárá.

Ẹ lọ sí File, Open, Browse, ẹ mú fáìlì náà, ẹ klíìkì ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ Open, kẹ́ ẹ mú Open and Repair, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá kọ̀, tó bá jẹ́ orí flash ló wà, ẹ má kó nǹkan míì sórí flash yẹn mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe èmi láago mọ́kànlá alẹ́.