Ọjọ́ tí mo lọ ha ìpẹtà nínú ọkọ̀ Jeremiah O'Brien

Apá ọ̀tún mi ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Sátidé tó kọjá ni mo lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú SS Jeremiah O'Brien, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di mùsíọ́ọ̀mù sórí omi ní San Francisco. Èmi rò pé wọ́n á fi mí sídìí ẹ́ńjìnnì, tàbí kí wọ́n ní kí n máa mú àlejò káàkiri, àṣé hámà àti bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin ló ń dúró dè mí.

Fún ẹni tí ò bá mọ ọkọ̀ yìí: nígbà ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù lójoojúmọ́, ni Amẹ́ríkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Liberty, 2,710 ni wọ́n kàn, wọn ò tiẹ̀ rójú máa fi ìṣó irin kan páànù mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n kàn ń jó irin pọ̀ ni. Ọjọ́ 56 péré ni wọ́n fi parí Jeremiah O'Brien ní South Portland, ìpínlẹ̀ Maine, ó bọ́ sómi ní June 1943. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló kó sójà àti ẹrù ogun lọ sí Normandy, etíkun ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn ogun wọ́n lọ so ó mọ́lẹ̀ ní Suisun Bay, ní California, fún ọdún 33, nígbà tí wọ́n sì lọ tú u ní 1979, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló fi rìn jáde, kò sẹ́ni tó fà á. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ìkánjú kàn o, tí ò sẹ́ni tó retí pé á dàgbà.

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni mo gùn ún. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló ń darí àwa ará orí dẹ́ẹ̀kì, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi ò gbé e rárá, mo bá ń pè é ní "sà", ó ní ọ́físà ni wọ́n ń pè ní sà nínú ọkọ̀, bósùn ni òun, bá a ṣe fẹnu kò sí "bósùn" nìyẹn, ara tu àwa méjèèjì.

Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú, ohun tí wọ́n fi ń dí etí, àti ìbòmú kan tó nípọn, ó ní ìbòmú yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nímú mi torí pé òjé wà nínú pẹ́ńtì ayé ìgbà yẹn, eruku ẹ̀ ò ṣeé fà símú. Ó wá mú mi lọ sídìí irin tí wọ́n ń so okùn ọkọ̀ mọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí ibì kan ká, kò ju ẹní kékeré kan lọ. Mo ní nínú ara mi pé ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí, wákàtí kan náà ni.

Hámà ló kọ́kọ́ kàn, kì í sì í ṣe kéèyàn kàn máa gbá a o, èèyàn ní láti fetí sí i (ìgbà yẹn mi ò tíì dí etí). Tí irin tó wà lábẹ́ bá ṣì dáa, á dún gan-an-gan, tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, á dún pọ̀kọ̀ bí ìgbà téèyàn ń lu páálí. Ibi tí pẹ́ńtì ti wú bí ìléròrò ni mo kọ́kọ́ kọlù, ó fọ́, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja, mo rò pé mo ti dé ìdí ẹ̀, mo bá pẹ́ńtì míì lábẹ́, mo gbá ìyẹn náà, ìpẹtà tún wà lábẹ́ tiẹ̀. Ẹnì kan ti kun pẹ́ńtì lé ìpẹtà lórí nígbà kan rí. Bósùn bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó mí kanlẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ẹ̀rọ kan fún mi tó dà bí ìbọn, abẹ́rẹ́ irin ló kún ẹnu ẹ̀ bámú, afẹ́fẹ́ ló ń tì wọ́n jáde tì wọ́n wọlé kíákíá, ariwo ẹ̀ kì í ṣe kékeré, òun ló sì ba apá mi jẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà ló ṣí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀ hàn mí, ó ga díẹ̀, ó ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àpá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń jó irin níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ nígbà ogun yẹn, mo dúró sórí ojú àpá yẹn fúngbà díẹ̀, mo ń fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Mo fi omi tí ò níyọ̀ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, irin ń dán gbinrin, ìgbà yẹn aago kan ti kọjá. Wákàtí kan mi ti di mẹ́rin nìyẹn. Bósùn ti kìlọ̀ fún mi pé irin tó bá ti wà níhòòhò ò gbọdọ̀ dúró, kí n kun pẹ́ńtì ìsàlẹ̀ sí i kí n tó lọ jẹun, èmi ní ogún ìṣẹ́jú náà ni, kí ló fẹ́ ṣe é. Kùrukùru bá rọra wọlé látojú òkun, ẹni tó bá mọ San Francisco mọ èyí tí mò ń wí. Kí n tó padà dé, irin mi ti pọ́n bí ẹni fọ́n ata gbígbẹ lé e. Bósùn wò ó, ó wo ojú mi, ó na bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin sí mi padà. Kò bá mi wí o, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù.

Nígbà tí mò ń ha á lẹ́ẹ̀kejì ló ń sọ fún mi nípa iná tó jó ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní èbúté Pier 45 ní May 2020, ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná ló fọ́n omi gba ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Omi òkun náà ni wọ́n sì fi gbà á là, iyọ̀ lórí iyọ̀.

Pẹ́ńtì ìsàlẹ̀ ò le, àṣírí ẹ̀ kan ni pé etí irin àti ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré kùn, torí pẹ́ńtì máa ń sá kúrò létí, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì máa ń gbà wọlé. Pẹ́ńtì aláwọ̀ eérú tí wọ́n máa kùn gbẹ̀yìn, ó di ọjọ́ míì.

Bó ṣe ń gbẹ ni bósùn ní kí n sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ tí wọ́n dáná sí bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi, ló bọ́ sí. Mo sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn irin lórí àtẹ̀gùn irin, ooru lù mí lójú. Ẹ́ńjìnnì yẹn ga ju ilé lọ, sìlíńdà mẹ́ta ló ní, stíìmù kan náà, ìyẹn oru omi gbígbóná, ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á kọ́kọ́ wọ kékeré tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 24 àtààbọ̀, agbára ẹ̀ á dín kù, á wọ ti àárín tó jẹ́ 37, á tún wá wọ ńlá tó jẹ́ 70, torí bí stíìmù bá ṣe ń rẹ̀ ló ń fẹ́ àyè sí i. Obìnrin kan dúró ti apá irin tó ń lọ sókè sódò, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan án fẹ́rẹ́ bó bá ti ń kọjá, bó ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná jù nìyẹn, ẹ̀rù ẹ̀ bà mí fún un. Ẹ́ńjìnnì yìí náà ló gbé ọkọ̀ padà lọ sí Normandy ní 1994.

Mo gòkè, pẹ́ńtì ti gbẹ. Bósùn ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti ra ìbọ̀wọ́ tara mi, èyí tí wọ́n fún mi yẹn há jù.