Bí Mo Ṣe So Sáfà Méjì Pọ̀ Kí Iṣẹ́ Má Baà Dúró

Sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí app wa ti ń dá àwọn tó ń lò ó lóhùn, la ní tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun app wa sórí rẹ̀ ni iṣẹ́ ń dúró, tí fóònù mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó sú mi.

Tomcat, ètò tó ń mú kí app tí wọ́n fi Java kọ ṣiṣẹ́, la ń lò. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà méjì, mo fi HAProxy síwájú wọn kó máa pín iṣẹ́ fún wọn. Ìyẹn ò gba àkókò rárá. Ṣùgbọ́n bí HAProxy bá jẹ́ ẹyọ kan, tóun náà bá kú, gbogbo rẹ̀ kú nìyẹn. Mo bá sọ ọ́ di méjì, mo sì fi ètò kan tó ń jẹ́ keepalived sórí àwọn méjèèjì kí wọ́n lè jọ máa lo àdírẹ́ẹ̀sì IP kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá (MASTER), èkejì ni igbákejì. Ọ̀gá ló ń di àdírẹ́ẹ̀sì yẹn mú, á sì máa kéde nípasẹ̀ VRRP, ìlànà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun ṣì wà láàyè. Tí igbákejì ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 àti díẹ̀, á gbàjọba.

Bí mo ṣe tan wọ́n báyìí, àwọn méjèèjì pe ara wọn lọ́gá. Log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) tibí ní MASTER, tọ̀hún ní MASTER. App á ṣí, á tún kọ̀. Mo yẹ fáìlì ìṣètò wò títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí àṣìṣe kankan. Nígbà tí mo wá lo tcpdump, tó ń fi ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá hàn, ni mo rí i pé ọ̀gá ń kéde lóòótọ́, àmọ́ etí igbákejì di. Firewall, aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni! Mo ti ṣí gbogbo port TCP (ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ ń gbà wọlé) tó yẹ, láìrántí pé VRRP kì í lo port kankan: protocol tirẹ̀ ni, nọ́ńbà 112, tó ń lọ sí 224.0.0.18. Ìlà kan péré ni mo fi kún un, ọba kan sì kúrò láàfin.

Mo wọlé sínú app, mo kọ fọ́ọ̀mù dé ìdajì, mo wá fi kill -9 pa Tomcat tó ń dá mi lóhùn. Mo tún ojú ìwé náà ṣí: ó ní kí n wá wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Session mi, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Tomcat ń tọ́jú nípa ẹni tó wọlé, ti bá òkú lọ. Mo fi Cluster, tó ń jẹ́ kí àwọn Tomcat máa pín session fún ara wọn, sínú server.xml, mo fi <distributable/> sínú web.xml, torí láìsí èyí Tomcat ò ní ṣe ẹ̀dà session fún ẹnikẹ́ni. Ló bá di pé èèyàn ò lè wọlé mọ́ rárá, torí ohun kan wà nínú session tí kì í ṣe Serializable, ìyẹn ni pé kò ṣeé dì ránṣẹ́ sí Tomcat kejì. Ìsopọ̀ dátábéèsì ni! Ta ló fi irú nǹkan báyẹn síbẹ̀? Mo wo ìtàn kóòdù náà, orúkọ tèmi ni mo bá níbẹ̀.

Ìdánwò tó yà mí lẹ́nu jù ni kill -STOP. Ìyẹn ò pa Tomcat, ó kàn mú kó dì gbagidi. Port rẹ̀ ṣì ń gba ìsopọ̀, HAProxy sì ń sọ pé ara rẹ̀ le, nígbà tí àwọn tó ń lò ó ń wo ojú ìwé òfìfo. Bó bá jẹ́ port nìkan ni ẹ ní kó máa yẹ̀ wò, irọ́ ló máa pa fún yín. Mo lo option httpchk, mo ní kó máa béèrè ojú ìwé kékeré kan tí app fúnra rẹ̀ ń dáhùn. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, kó yọ ọ́ kúrò. Mi ò jẹ́ kí ojú ìwé yẹn kan dátábéèsì, torí bí dátábéèsì bá kọsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, méjèèjì ni HAProxy máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e jáde. Mo fi sáfà kan sí drain, kí HAProxy má darí èèyàn tuntun sí i mọ́, mo tún un ṣe, mo dá a padà, mo wá kọjú sí èkejì. Fóònù mi ò dún. Dátábéèsì nìkan ló ṣì dá wà báyìí, òun ló sì kàn.