Bí mo ṣe yan irin oníyẹ̀fun fún jíà ẹ̀rọ píọ́ wọ́tà

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìlúpéjú, jíà kan náà ni àwọn oníbàárà ń gbé wá léraléra: jíà kékeré tó ń yí apá tí ń lẹ ọ̀rá lórí ẹ̀rọ píọ́ wọ́tà. Láti ìdí ni eyín rẹ̀ ti ń ṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í yí ní ìdúróṣinṣin. Bó ṣe ń ta síwájú ló ń dúró lójijì, ọ̀rá kan lẹ́yìn òmíràn láti àárọ̀ di alẹ́, eyín jíà yẹn ló sì ń gba gbogbo ìkọlù náà sára. Nígbà tí oníbàárà kẹta láàárín oṣù kan gbé tirẹ̀ dé, ọ̀gá mi ní kí n wá irin tó tọ́ sí i, kí a lè ra ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń fi ìyẹ̀fun irin ṣe jíà.

Irú irin báyìí kì í ṣe èyí tí a dà, kì í sì í ṣe èyí tí a gé lára ọ̀pá. Ìyẹ̀fun irin ni wọ́n ń pò mọ́ gíráfáìtì, tí í ṣe kábọ́ọ̀nù, àti ìda díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ alágbára á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gba inú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,120°C kọjá. Irin kì í yọ́ nínú ooru yẹn, àmọ́ àwọn hóró rẹ̀ á so mọ́ra. Ihò tíntìntín a máa ṣẹ́kù láàárín wọn, àwọn ihò yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Mo kọ́kọ́ gbé jíà tó ṣẹ́ lọ sí Owódé Onírin, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ra àlòkù irin, tó ní ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí ń sọ ohun tó wà nínú irin. Bàbà 2% ló rí, ìyókù jẹ́ irin. Kò sí níkẹ́ẹ̀lì, kò sí molybdenum, àwọn mẹ́táàlì tí wọ́n fi ń fún irin lágbára. Ẹ̀rọ yẹn kì í rí kábọ́ọ̀nù, nítorí náà n kò lè mọ̀ bóyá FC-0205 ni tàbí FC-0208. Inú ìwé ìlànà tí MPIF, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun irin ní Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Standard 35, ni orúkọ wọ̀nyí ti wá: F ni irin, C ni bàbà, 02 ni 2% bàbà, 08 sì ni 0.8% kábọ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá mọ bí ó ṣe ki tó. Mo fi pẹtiróòlù fọ epo àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, mo sì gbé e sínú ooru títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́: gíráàmù 204. Mo rì í sínú epo gbígbóná tó ṣàn, kí epo lè dí ihò rẹ̀, kí omi má baà wọ ibẹ̀ bí mo bá wọ̀n ọ́ nínú omi. Ìfófòó wẹ́wẹ́ ń rú jáde lára rẹ̀, pàápàá ní ìdí eyín, ó sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo nù ún, ó ti di gíráàmù 207.5, nígbà tí mo fi òwú so ó rọ̀ sínú omi, òṣùwọ̀n kà á sí 177.5. Àyè tí ó gbà jẹ́ 30 cm³ nìyẹn, nítorí pé gíráàmù kan ni 1 cm³ omi; bí a bá fi 30 pín 204, gíráàmù 6.8 ni 1 cm³ rẹ̀. Irin tí kò ní ihò ń tó 7.85. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó lé ní ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún jíà yẹn ló jẹ́ òfìfo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi tí mo dé yìí á kàn pààrọ̀ orúkọ irin. Ohun tí ẹni tó ń bá wa tajà náà dá lábàá nìyẹn: ẹ jẹ́ ká bọ́ sí oníníkẹ́ẹ̀lì. N kò gbà. Eyín tí ń ṣẹ́ lẹ́yìn ìkọlù tí kò lóǹkà, ẹ̀bá ihò ni ó ti máa ń kọ́kọ́ sán, irin tó dára jù lọ tí ihò bá sì pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ sán bákan náà. Nítorí náà, kí n tó kọ orúkọ irin kankan sínú ìwé ìbéèrè wa, mo kọ ọ́ pé ìkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 7.1, àti pé eyín ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́, kì í ṣe àárín.

Irin mẹ́ta ni mo gbé yẹ̀ wò. FN-0205 ní níkẹ́ẹ̀lì 2%, ó sì ń fara da ìkọlù dáadáa bí a bá fi iná sé e le, àmọ́ mo ń fẹ́ agbára tó jù ú lọ. Irú kejì ni èyí tí ń le fúnra rẹ̀ bó bá ṣe ń tutù nínú ààrò. Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ihò ìdè tó gba ẹ̀gbẹ́ jíà wọlé kò ṣeé fi mọ́ọ̀dù ṣe, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ìtẹ̀ ti ń wá. Àwa la gbọ́dọ̀ lu ú níbí, irin tó ti le dé ọwọ́ wa á sì ba ohun tí a fi ń lu ihò jẹ́. Èyí tí mo yàn ni FD-0405: níkẹ́ẹ̀lì 4%, bàbà 1.5%, molybdenum 0.5%. Ara hóró irin ni wọ́n ti so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, wọn kò pò wọ́n wọ inú rẹ̀. Àárín hóró náà ṣì rọ̀, ó sì ń gba ìtẹ̀, èyí ló fi lè ki tó bí mo ṣe fẹ́; bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun kò ní ya ara wọn sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà.

Jíà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò kúnjú òṣùwọ̀n. Odindi rẹ̀ jẹ́ 7.1, àmọ́ nígbà tí mo gé eyín mẹ́rin kúrò tí mo wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀, 6.9 ni mo bá. A dá a padà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ 7.1 títí dé eyín.

Bàbá tó ń bá wa fi iná sé irin le ní Mùṣín fẹ́ fi iyọ̀ yíyọ́ ṣe é, bó ṣe ń ṣe ti àwọn irin mìíràn. Mo bẹ̀ wọ́n pé, “Bàbá, ẹ má bínú, iyọ̀ á wọ inú ihò rẹ̀, kò ní jáde mọ́, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbà. Inú àpótí tí a fi èérún irin dídà kún ni a kó wọn sí, kí kábọ́ọ̀nù ojú wọn má baà jó dànù. A gbé wọn dé 850°C, a rì wọ́n sínú epo, a sì tún gbé wọn sínú 180°C fún wákàtí kan. Nígbà yẹn ni epo tó wọ inú ihò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí èéfín, débi pé a ní láti ṣí gbogbo fèrèsé.

Ẹ̀rọ tí a fi wọn líle wọn, tó ń ti abẹ́rẹ́ wọ ara irin, kà á sí 38 lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní HRC, Bàbá sì ní irin yìí rọ̀ jù. Mo fún wọn ní fáìlì. Wọ́n fi í ra eyín náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń yọ̀ lọ, kò rí i jẹ rárá. Ihò ló ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà wọlé tí òǹkà fi ń kéré. Irin tó yí ihò ká ti le gan-an.

Ọ̀kan nínú wọn ti lo oṣù mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ omi kan ní Òṣòdì. Mo ṣí i wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yẹ ìdí eyín kọ̀ọ̀kan wò dáadáa, kò sí ojú sísán kankan. Igba jíà ló ń bọ̀ ní èbúté Àpápá báyìí.