Táyà Sikúútà Yín Ti Pá? Ẹ Má Tíì Náwó

Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá gbé sikúútà wá pé kí n bá wọn pààrọ̀ táyà, owó ti ṣòfò kí n tó mú sípánà. Táyà tí kò bá ríìmù mu. Táyà tó ti gbó lórí àtẹ. Táyà tí wọ́n rà torí pé ó ń dán. Wọ́n ní ẹnu mi ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń wá oníbàárà, òótọ́ sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí ọ̀fun mi lè sinmi.

1. Ẹ má dúró dìgbà tí táyà bá pá kanlẹ̀. Nínú àwọn ihò ojú táyà, ẹ máa rí kókó kéékèèké tó ga díẹ̀. Lẹ́tà TWI tàbí àmì onígun mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń tọ́ka sí wọn. Tí ojú táyà bá ti bá kókó yẹn dọ́gba, ó parí. Ti ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí òun ló ń ti ẹ̀rọ síwájú, òun náà ló sì ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù.

2. Ẹ má fojú wọn táyà. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, ẹ kàn kọ̀ tí ẹ ò kà á ni. Ká ní 100/90-10 ló wà níbẹ̀: 100 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 90 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 10 sì ni ríìmù tó máa wọ̀, ní íǹṣì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé 130/90-10 wá fún sikúútà tó ń lo 100/90-10. Ó fẹ́ kí ìdí ẹ̀rọ òun kún. Mo ní kò ní wọ̀, ó ní kí n ṣáà gbìyànjú. Mo fi í sí ríìmù. Ríìmù tóóró fún un lẹ́sẹ̀, ojú táyà wá rí róbótó, tó jẹ́ pé àárín rẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀. Kí ni fífẹ̀ tí ẹ sanwó fún wá wúlò fún? Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, èékánná ò lè gba àárín òun àti ara ẹ́ńjìnnì kọjá. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ:

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò kúkú lè fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀?”

“Àbúrò, okùn tó di táyà mú wà nínú ibi tí o fẹ́ fá yẹn.”

Ẹni tó tà á fún un kò gbà á padà, torí ojú irin tí mo fi tì í wọ ríìmù ti hàn lára rẹ̀. Kódà ká ní ó wọ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti fi nǹkan bíi mìlímítà 54 kún gbogbo gíga táyà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ́ńjìnnì kékeré á wá máa fà á bí ọmọdé tó wọ bàtà àgbà.

Mi ò tíì kúrò lórí ìwọ̀n o. Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, bíi 51J, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 51 ń sọ pé táyà lè ru 195 kìlógíráàmù, J ń sọ pé kó má sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ yín.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Wọ́n lè fi òróró kùn ún kó máa dán, wọn ò lè fi òróró pa nọ́ńbà rẹ́.

Ọfà ara táyà: ibi tí táyà ń yí lọ nígbà tí ẹ bá ń lọ síwájú ni kó kọjú sí.

Tí táyà yín kì í bá lo túùbù, ẹ pààrọ̀ fáàfù rọ́bà pẹ̀lú rẹ̀.

Omi ọṣẹ la fi ń mú táyà wọ ríìmù. Kì í ṣe gírísì, kì í ṣe ọ́ìlì.

Ríìmù alápá méjì, bíi ti àwọn Vespa àtijọ́: ẹ tú afẹ́fẹ́ tán pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó so apá méjèèjì pọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè ya lójú yín, irin a sì fò. Èyí nìkan ni mi ò fi ṣeré níbí.

Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òpin ohun tó lè gbà ni. Èyí tí ẹ máa fi rìn wà nínú ìwé ẹ̀rọ, kí táyà sì tutù kí ẹ tó fi géèjì wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra rìn fún nǹkan bíi 160 kìlómítà àkọ́kọ́, pàápàá ní kọ́nà àti lójú òjò, torí táyà tuntun máa ń yọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, sáléńsà lẹ máa kọ́kọ́ tú lára ọ̀pọ̀ sikúútà kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó lè jáde. Ẹ jẹ́ kó tutù. Tí ẹ bá sì bá píìnì nínú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, ẹ jù ú nù, kí ẹ fi tuntun sí i.