Ìfági àtijọ́: ẹ̀yìn abẹ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe

Ìfági onírin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé ṣì lè fá igi kó dán, bí ara rẹ̀ kò bá ti sán. Irin dídà ni, tó bá ti já bọ́ rí, ó lè ti là. Kí o tó sanwó, tú abẹ kúrò, gbé ìfági sí ìmọ́lẹ̀, kí o wo etí ihò tí abẹ ń gbà yọ nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèkù tó ṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan, gọ́ọ̀mù igi á mú un.

Bí o bá ń kó wọn jọ, wo ara irin lẹ́yìn abẹ. Lára àwọn ìfági àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ Stanley ṣe, o lè rí “APR-19-10” níbẹ̀. Ọjọ́ ìwé-ẹ̀tọ́ ni, 19 oṣù Kẹrin 1910, torí náà wọn kò lè ṣe irú èyí ṣáájú 1910. Má fi abẹ mọ ọjọ́ orí ìfági, àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpẹtà kò le. Rẹ àwọn irin kéékèèké sínú fínígà mọ́jú, fọ̀ wọ́n, nù wọ́n gbẹ kíá, kí o fi epo pa wọ́n. Idẹ kì í bá wọn wọlé. Má sì họ ọ̀dà dúdú tó kù lára ìfági, olówó kò fẹ́ èyí tí wọ́n họ.

Ẹ̀yìn abẹ ni wàhálà wà. Àwọn ènìyàn á pọ́n ojú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́nu, títí apá á fi ro wọ́n, wọn ò ní yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ojú àti ẹ̀yìn ló ń pàdé kí ẹnu tó mú. Ihò ìpẹtà yòówù tó bá dé ẹnu á di eyín, á sì máa fa ìlà sára igi.

Fi máákà kun ẹ̀yìn abẹ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sí ẹnu. Lẹ sáńpépà 120 mọ́ gíláàsì tó nípọn (ògbólógbòó gíláàsì tó tẹ́jú ti tó, n ò mọ ohun tí wọ́n ń fi òkúta olówó gọbọi ṣe nídìí èyí). Fi ìka méjì tẹ ẹnu abẹ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kí o máa fà á. Má torí kí iṣẹ́ lè yá gbé ìdí rẹ̀ sókè! Ẹ̀yìn tó bá ti yọ ikùn, irin tó ń jókòó lé abẹ kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, igi tí o ń fá á sì máa há sáàárín wọn. Ibi tí àwọ̀ máákà bá ṣẹ́ kù, sáńpépà kò tíì débẹ̀. Nígbà tó bá tán lẹ́nu láti etí dé etí, bọ́ sí sáńpépà 220 tó kúnná jù ú lọ, lẹ́yìn náà 400. Bí ihò bá jìn jù, pọ́n ẹnu abẹ sẹ́yìn kọjá a.

Ẹ̀rọ ìpọ́n tó ń yí ńkọ́? Àfi kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o máa tì í bọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Ẹnu tó bá ti di búlúù ti rọ̀, kò ní pẹ́ kú, o sì gbọ́dọ̀ pọ́n ibẹ̀ dànù.

Ojú abẹ kò ní wàhálà. Dígíríì 30 ni kí o pọ́n ọn sí: abẹ tó nípọn mìlímítà 2, kí ojú rẹ̀ gùn tó mìlímítà 4. Pọ́n ọn títí ẹ̀gún irin á fi yọ sẹ́yìn, kí o tẹ́ ẹ̀yìn lélẹ̀ fà lẹ́ẹ̀kan láti mú un kúrò.

Tí o bá ti tò ó padà, fa abẹ wọlé pátápátá, kí o máa yí nọ́ọ̀tì idẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹ igi. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ máa ń dẹ̀: síwájú ni kí o yí i kẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abẹ á sá padà bó bá ti kan igi.